Ta Ló Ń Sanwó Gáàsì Tó Ń Jóná Lójú Ọ̀nà?

Fọganáísà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde láti Kábà lọ sí Obajana. Bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ti fún afẹ́fẹ́ kún táǹkì, kíá ló ń pa á. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pa á ní tiẹ̀. Kò kúkú sí owó pẹtiróò tó ń ti àpò rẹ̀ jáde.

Àwọn kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ńláńlá tó ń ti gáàsì lójú páìpù náà ń jẹun, gáàsì tí wọ́n ń tì gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Lórí páìpù tó gùn, nínú ìdá 100 gáàsì tó wọlé, ìdá 3 sí 5 lè ti jóná kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Páìpù Ajaokuta sí Kaduna sí Kano, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 30 oṣù kẹfà ọdún 2020, gùn tó 614 kìlómítà, ìtòsí wa níhìn-ín ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Gáàsì ń dé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Obajana pẹ̀lú. Owó rẹ̀ wà nínú àpò sìmẹ́ńtì tí à ń rà.

Ẹ wo ìṣirò kékeré kan. Ká ní gáàsì wọ páìpù ní ìfúnpá 50, tó sì jáde ní 30. Bí iye gáàsì kan náà bá wọ páìpù yẹn ní 70, nǹkan bí 57 ni yóò fi jáde. Ti àkọ́kọ́ pàdánù 20, èkejì 13 péré, torí gáàsì tó fún pọ̀ kì í sáré, kì í sì í fara ha páìpù tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ká kàn máa tì í dé 70 níbi gbogbo ni? Rárá o, epo tí yóò gbé e dé 70 ńkọ́? Bí ibùdó kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ márùn-ún lójú páìpù bá ní ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀nà 32,768 la lè gbà tàn wọ́n tàbí pa wọ́n, a ò tíì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe yára tó.

Èwo nínú wọn ni yóò jó gáàsì tó kéré jù? Richard Bellman, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ti la ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ ọ́n: ìparí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa ṣírò bọ̀ sẹ́yìn. Ní 1968, àwọn onímọ̀ méjì, Wong àti Larson, fi ọ̀nà yìí ṣírò ti páìpù gáàsì. Kò ní ya àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà Lọ́kọ́ja lẹ́nu, owó mọ́tò àbọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ so mọ́ etí ìró.

Àwọn kan á ní ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ń fetí mọ ìgbà tó yẹ kó tàn án tàbí kó pa á. A gbà. Ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ ẹ̀rọ tó wà ní 100 kìlómítà.

Kí àjọ tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 fi ṣọ́ páìpù pàṣẹ pé kí àwọn tó ni páìpù máa tẹ iye gáàsì tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ń jó jáde lọ́dọọdún. Kí wọ́n fún Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja ní àkọsílẹ̀ náà, kí àwọn ọmọ Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi wa, tó ń kọ́ ìṣirò níbẹ̀ rí nǹkan gidi ṣírò. Bí wọ́n bá ní àṣírí iṣẹ́ ni, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí à ń rà.