Ta Ló Ní Ojú Mi Ni Kò Jẹ́ Kí Arsenal Borí?

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Arsenal àti Chelsea fẹ́ wàákò. Ohun tó yẹ kí n máa rò báyìí ni bí àwọn ọmọ wa yóò ṣe di àárín pápá mú, àti ẹni tí yóò dúró ti àwọn eléré sísá Chelsea lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tí a jọ ń wo bọ́ọ̀lù ní Sángo, n'Ìbàdàn, ti ba ìrònú mi jẹ́. Ó rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹríba, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá wa jókòó sílé ní Sọ́ńdè. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, Arsenal kì í rí i ṣe." Ó ní àwọn á dá owó súyà jọ fún mi.

Èmi! Èmi tí mo ti ń bá Arsenal bọ̀ láti ìgbà Kanu!

Bó bá jẹ́ àwàdà, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àwàdà. Láti Mọ́kọ́lá dé Mọ́níyà, kò sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí ẹ kò ní bá ẹnì kan tí wọ́n ti sọ di ẹlẹ́sẹ̀ burúkú. Bó bá wọlé, tí ọ̀tá sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa, wọ́n á ní kó jáde. Bí a bá wá dá gòólù náà padà nígbà tó wà níta, ó parí, kò gbọdọ̀ yọjú mọ́ títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń lé ara wọn jáde. Pẹ́náátì dé, wọ́n á sá lọ dúró ti ìyá tó ń ta bọ́ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlagbà ni wọ́n o, àwọn tó ń san owó iléèwé ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ìgbà wo ni ohun tí ẹ ń wò lójú tẹlifíṣọ̀n ṣẹlẹ̀? Ẹ ó ní ìsinsìnyí. Irọ́ ni. Kámẹ́rà yóò kọ́kọ́ ya á ní London. Ẹ̀rọ yóò ká àwòrán náà jọ, yóò fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, wọn yóò jù ú sókè sí sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀, yóò sì já bọ́ sórí díìṣì tó wà lórí páànù ní Sángo. Ìgbà náà ni dikódà yóò wá tú ẹrù tí wọ́n dì. Lílọ sókè àti bíbọ̀ nílẹ̀ yẹn kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Dídì àti títú ẹrù ló ń jẹ àkókò, ó sì máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń wò ó, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ẹ tó rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ kò nílò onímọ̀ ẹ̀rọ láti sọ èyí fún yín. Ilé ìwòran mìíràn wà nísàlẹ̀ títì wa, dikódà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Bọ́ọ̀lù á ṣì wà lọ́wọ́ gólì lójú tiwa, a ó kàn gbọ́ "Gòóóòlù!" láti ìsàlẹ̀. Gbogbo wa á dákẹ́. Ẹni Chelsea á wo ẹni Arsenal, ẹni Arsenal á wo ẹni Chelsea, nítorí a mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ fún ẹnì kan, a kàn kò tíì mọ ẹni náà ni. Ọmọkùnrin tó ní kí n jókòó sílé yìí ló máa ń bínú jù sí àwọn ará ìsàlẹ̀ títì pé wọ́n ń ba eré jẹ́ mọ́ òun lójú. Ó mọ̀ pé gòólù ti wọlé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa! Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ojú mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rí i, ló gbé e wọlé? Nígbà tí ẹni tó fẹ́ gba pẹ́náátì bá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ níwájú yín, ó ṣeé ṣe kó ti máa yọ̀ tàbí kó ti máa sunkún ní London. Ìgbà yẹn ni bọ̀dá kan ní Sángo ń pa ojú dé kí ó má bàa kó bá wọn. Mo tiẹ̀ mọ ẹnì kan tó ń pa ojú dé bí wọ́n bá ń tún un fi hàn.

Àwọn àgbà tó gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ burúkú gbọ́ ní ẹ̀rí kan tí wọ́n fẹ́ràn: òru ọjọ́ tí Nàìjíríà na Brazil ní Olympic 1996. Brazil ti fi 3-1 ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n lọ sùn. Ikpeba gbá ọ̀kan sí i, Kanu dá a padà lópin eré, ó sì fi gòólù oníwúrà (ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé ní àfikún àkókò ló borí) parí ẹ̀, 4-3. Títí dòní, àwọn tó sùn ń sọ pé oorun àwọn ló gbà á. Ó dáa. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, a bá Argentina pàdé ní àṣekágbá. Ta ló sùn lọ́jọ́ náà? Gbogbo ojú tó "burú" ní Nàìjíríà ló là sílẹ̀ kedere, Amunike sì gbá ìkẹta sáwọ̀n, 3-2, a gba àmì ẹ̀yẹ wúrà.

Arsenal fúnra wọn ńkọ́? Láti May 2003 títí di October 2004, ìdíje lííg 49 ni wọ́n gbá láìpàdánù ẹyọ kan. Sáà 2003/04 pé, ìdíje 38, kò sẹ́ni tó nà wọ́n. Ṣé gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ burúkú Ìbàdàn rìnrìn àjò lọ́dún yẹn ni? A wà níbẹ̀, a ń wò ó, èmi gan-an wà níbẹ̀. Manchester United ló gbé wa lulẹ̀ ní Old Trafford, 2-0, kì í ṣe ìpéǹpéjú mi.

Wọ́n ní orí ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, pé ìyàwó lè ní ẹsẹ̀ rere. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. N kò lè fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ohun tí orí ẹ̀dá ń ṣe láyé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò kúrò ní Sángo rí, báwo ló ṣe dé pápá Emirates?

Ibi tí ènìyàn ti ń wúlò fún bọ́ọ̀lù ni inú pápá. Nígbà tí kòrónà lé èrò kúrò ní pápá, ní sáà 2020/21, àlejò borí ju onílé lọ ní Premier League. Kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1992 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ariwo èrò ń wọ rẹfirí létí, àlejò sì ń gbọ́ ọ. Ẹ wo 3SC (Shooting Stars) tiwa n'Ìbàdàn: wọ́n gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú SC Villa ti Uganda ní Kampala ní 1992, nígbà tí Villa dé Ìbàdàn, a fi 3-0 gba ife CAF lọ́wọ́ wọn. Ní 1996 a na Zamalek ti Íjíbítì 2-1 níbí, àwọn náà nà wá 2-1 ní Cairo, pẹ́náátì ló yà wá. Èrò kì í ṣe oògùn o: Zamalek yìí kan náà nà wá 1-0 ní Lagos ní 1984. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Bí ọmọkùnrin yẹn bá fẹ́ ran ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, kó gbé ara rẹ̀ lọ sí pápá Adamásìngbà nígbà tí 3SC bá ń gba àlejò, kó dúró lẹ́yìn àwọ̀n, kó pariwo dáadáa. Gólì wọn á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kò sí dikódà láàárín wọn.