Ta ló gé igi inú igbó Mau gan-an?

Mo ń rí báwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ pé kí wọ́n ṣáà lé gbogbo ẹni tó ń gbé inú igbó ọba jáde, pé torí omi, torí ojú ọjọ́. Ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹ jẹ́ ká mú igbó Mau ní Kẹ́ńyà, torí ẹjọ́ tiẹ̀ ti dé kóòtù, kì í ṣe àhesọ.

Àwọn Ogiek ti ń gbé níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi òfin sọ ibẹ̀ di igbó ọba, iṣẹ́ ọdẹ àti oyin ni wọ́n ń ṣe jẹun. Àfi bó ṣe di October 2009 tí àjọ tó ń rí sí igbó ní Kẹ́ńyà fún wọn ní nótíìsì ọjọ́ 30 pé kí wọ́n kẹ́rù wọn, pé igbó yẹn lomi ti ń wá. Irọ́ kọ́ o, ibẹ̀ lodò Mara ti ṣẹ̀ wá, èmi náà fẹ́ kí igbó yẹn wà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ní 2001, gọ́mẹ́ńtì yìí kan náà ló fọwọ́ ara ẹ̀ gé apá ńlá kúrò lára igbó Mau, tí wọ́n pín in fáwọn èèyàn, wọ́n tún ń fún àwọn agégẹdú láyè, ìgbà tí igi wá tán nílẹ̀ ló wá di pé ọlọ́yin ló jẹ̀bi. Hàbà!

Kóòtù Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó wà ní Arusha, ní Tanzania, náà rí i bẹ́ẹ̀. Ní 26 May 2017, wọ́n ní gọ́mẹ́ńtì ò mú ẹ̀rí kankan wá pé àwọn Ogiek ni olórí ohun tó ń ba igbó jẹ́, ìwé ìwádìí tí gọ́mẹ́ńtì fúnra ẹ̀ lọ́wọ́ sí gan-an ló tú àṣírí. Nígbà tó di 23 June 2022 wọ́n dá a pé kí Kẹ́ńyà san owó gbà-má-bínú mílíọ̀nù 157 ṣílè àti díẹ̀, kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n ṣe ìwé ẹ̀ fáwọn Ogiek. Àbí kí lẹ rò pé ó tẹ̀ lé e? November 2023, gọ́mẹ́ńtì tún ń wó ilé àwọn Ogiek.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé kì í ṣe Ogiek nìkan ló wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn míì ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní in, wọ́n mú pépà dání, àwọn náà pe ẹjọ́. Tiwọn ò rí bákan náà lójú mi, àmọ́ òfin ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní kí wọ́n fún ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ ìjọba ní nótíìsì oṣù 3 ó kéré tán, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀, òfin ò sọ pé kí wọ́n dáná sunlé.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo lé wọn lé wọn, ẹ bá wa ní kí gọ́mẹ́ńtì kọ́kọ́ gbé orúkọ àwọn tó gba ilẹ̀ ní 2001 síta, ká mọ ẹni tí ẹrù tọ́ sí láti kó.