Bí A Ò Bá Rí Àdán

Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ta ni wọn kò tíì pa òwe yìí fún nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kákí àgùnbánirọ̀? Bàbá á pa á, ẹ̀gbọ́n ìyá á gbè é, aládùúgbò tí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ọmọ náà kọ́ ní Yunifásítì á ní: "Ṣáà mú iṣẹ́ tó bá yọjú, jàre." Òwe náà dára. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni mo fẹ́ bá ọ yẹ̀ wò, àbúrò mi, torí wọ́n máa ń sáré débi òòbẹ̀, wọn kì í bèèrè ẹbọ.

Ẹbọ kò yí padà nínú òwe yìí. Ohun tí a fi rú u ló yí. Kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, mọ ẹbọ tí ìwọ ń rú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí àwọn àbúrò ń wojú rẹ̀ fún owó ilé-ìwé, oúnjẹ ni ẹbọ tirẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ìdí ẹ̀rọ POS ló kọ́kọ́ rí, kó jókòó síbẹ̀, kó gbórí sókè. Ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé "gbogbo ìwé tó kà náà nìyí" kò bá a gbé ẹrù kankan.

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2014, ogunlọ́gọ̀ àwọn tó ń wá iṣẹ́ Immigration ya lọ sí pápá ìṣeré ńlá Àbújá àti ti àwọn ìlú mìíràn fún ìdánwò. Èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀, ẹ̀mí sì bọ́. Mi ò rò pé púpọ̀ nínú wọn ti ń lálàá iṣẹ́ ẹnubodè láti kékeré. Owó oṣù tó dájú àti owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń wá, ẹbọ gidi sì nìyẹn náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni kí ẹnìkan máa wá owó tó dájú, kó sì máa tan ara rẹ̀ pé iṣẹ́ tí ọkàn òun fẹ́ lòun ń dúró dè.

Tún wo òòbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó jọ àdán. Òwe kò ní ká mú alángbá. Ẹni tó kọ́ ìṣirò owó, tó wá ń tọ́jú ìwé owó ilé epo kékeré kan ní Ṣàgámù, òòbẹ̀ ló mú: rìsíìtì, báńkì àti owó orí ló ń bá yí lójoojúmọ́, tó bá sì jókòó ṣe ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn aṣírò owó, ohun tó ń fọwọ́ kàn ló ń kà. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, tó ń ya fídíò ọjà fún aláṣọ kan ní Balógun, òun náà mú òòbẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà láti àárọ̀ di aago mẹ́sàn-án alẹ́, owó wọn lè jọra, àmọ́ alángbá ni. Iṣẹ́ mìíràn sì wà tí kò ní òòbẹ̀ rárá. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò lè fi nǹkan kan dípò house job, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Kó máa wá a ni.

Àwọn tó ń pa òwe kì í sábà ṣírò owó ọkọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin di ₦70,000 ní 2024. Ká ní iye yẹn lo ń gbà, tí o ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó, tí ₦3,000 ń bá ọkọ̀ lọ lójúmọ́ fún ọjọ́ 22. ₦66,000 ti lọ. ₦4,000 ló kù, o ò sì tíì jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré sí i nítòsí ilé, tó ń parí ní ọ̀sán, lè sàn jù ú lọ, torí ìrọ̀lẹ́ wà fún kọ̀ǹpútà, fún ìdánwò, fún lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi í bá wọn kẹ́gàn iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: àwọn ilé-ìwé aládàáni kan máa ń gba ojúlówó ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ pamọ́ kó má baà sá lọ. Ẹ̀dà ni kí o fún wọn. Bí wọ́n bá takú, máa lọ.

Òòbẹ̀ a sì máa mọ́ni lára. Bi àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tó wà ní kántà báńkì: ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n, báńkì kàn ń lò wọ́n ni, ìgbéga sì ṣọ̀wọ́n. Ọdún ń yí, bẹ́ẹ̀ ìpolówó iṣẹ́ ń kọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ti ju ọdún 26 lọ kó má yọjú. (Ìwà ìkà ni, lójú tèmi, nílùú tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yunifásítì, ti gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ọmọ ní 2022 nìkan.) Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá gba iṣẹ́ náà ni kí o ti dá ìgbà tí wàá fi í sílẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún ẹni tó lè bi ọ́ léèrè. Máa wá àdán lọ.

Tí wọ́n bá pè ọ́ síbi tuntun, ìlérí orí fóònù kì í ṣe lẹ́tà. Má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Bí lẹ́tà bá wá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wo iye ọ̀sẹ̀ tí àdéhùn àtijọ́ ní kí o fi kéde, kí o sì ṣe é pé, torí ọ̀gá tí o ń fi sílẹ̀ yẹn ni wọ́n máa pè láti bèèrè irú ẹni tí o jẹ́.