Omi Tó Funfun Kọ́ Ló Ń Pa Ẹja Yín

Ẹ lọ ra ẹja ọ̀ṣọ́ àti tánkì gíláàsì tuntun lónìí, ìmọ̀ràn tí ẹ ó gbà sílé kò ní ju ẹyọ kan lọ: "Tí omi bá ti funfun, ẹ dà á nù, ẹ fọ tánkì náà mọ́ tónítóní, ẹ pọn òmíràn sí i." Ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ta ni yóò rí omi tó dà bí omidùn nínú tánkì tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní sọ pé ó ti dọ̀tí? Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí gan-an ló ń sọ ọ̀pọ̀ tánkì di itẹ́ òkú.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú èyí tí à ń bá jà ná. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń rọ omi sí i ló ti dàrú, eruku ara òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ kò ṣan dáadáa ni, yóò rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ewéko tín-ín-tín-ín ló ń hù nínú omi, oòrùn ojú fèrèsé ló sì sábà máa ń fà á. Èyí tó ń já èèyàn láyà ni funfun tó dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí omi ti kọ́kọ́ mọ́ gaara. Bakitéríà, àwọn kòkòrò àìfojúrí, nìyẹn. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń bí sí i débi pé iye wọn lè di ìlọ́po méjì kí wákàtí kan tó pé. Wọ́n ń bá ẹja du afẹ́fẹ́ inú omi lóòótọ́, àmọ́ tí oúnjẹ wọn bá ti tán, àwọn náà á dín kù, omi á sì là fúnra rẹ̀.

Amóníà ni májèlé tó ń pa ẹja gan-an. Bí ẹja ṣe ń mí ló ń tú u jáde, oúnjẹ tó ń rà sì ń fi kún un. Kò ní àwọ̀ rárá. Omi tó mọ́ tí ẹ fi ń yangàn fún àlejò lè kún fún amóníà, kí ẹja inú rẹ̀ sì máa mí gúlegúle lójú omi.

Bakitéríà mìíràn ló ń gbà wá lọ́wọ́ amóníà. Àwọn kan ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tó ṣì jẹ́ májèlé, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé afẹ́fẹ́ dáadáa. Àwọn mìíràn á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí pípààrọ̀ díẹ̀ nínú omi sì ń kó kúrò. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ìwé ẹja fi ń pe oníṣẹ́ kejì yìí ní Nitrobacter. Lọ́dún 1998 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Timothy Hovanec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bakitéríà mìíràn, Nitrospira, ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú tánkì omi tí kò níyọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í yára bí sí i. Ìlọ́po méjì wọn lè gba ìdajì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí tánkì tuntun fi ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń gbé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọn kì í pọ̀ nínú omi. Ara fóòmù inú fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi tánkì), ara òkúta àti ara gíláàsì ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ ti pa wọ́n. Funfun á tún padà, òun náà á tún fọ̀ ọ́, ẹja á sì máa kú lọ, wọn á ní omi ni kò dára.

Èmi rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́sìn ẹja àrọ̀ la ti kọ́ àṣà yìí. Dída omi nù kì í ṣe nǹkan bàbàrà nínú kòtò onísìmẹ́ńtì, torí ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ó sì gbójú. Ẹja ọ̀ṣọ́ bíi goldfish kò ní i.

Nítorí náà, ẹ fi omi tó funfun sílẹ̀. Ẹ dín oúnjẹ kù, ìwọ̀nba tí ẹja á jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ ra oògùn tí wọ́n fi ń dán omi wò. Tí amóníà tàbí náítíráìtì bá hàn, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, kí ẹ má ṣe dà á nù tán. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní kílórínì, ẹ kọ́kọ́ fi oògùn tó ń pa kílórínì sí i, torí kílórínì ń pa bakitéríà yín náà. Omi inú tánkì tí ẹ bù jáde ni kí ẹ fi ṣan fóòmù. Tí ọ̀rẹ́ yín bá sì ní tánkì tó ti pẹ́ tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn, ẹ tọrọ fóòmù àlòkù rẹ̀ kan, ẹ fi sínú fílítà tiyín. N kò mọ ọ̀nà àbùjá tó dára jù ú lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ní tiwa níbí, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tó máa ń lọ tún wà níbẹ̀. Tí fílítà bá kú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bakitéríà inú rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ẹ tó fi ẹja kejì kún àkọ́kọ́, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bátìrì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi.