Kátárátì kì í ṣe awọ tó hù bo ojú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀. Ó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló máa ń hù bo ojú àgbàlagbà, òun ni wọ́n ń pè ní kátárátì. Ó ní bí èèyàn bá ń kán oògùn òun sójú láàárọ̀ àti lálẹ́, awọ náà á bó, á bá ipin ojú jáde, ojú á sì mọ́ bíi ti ọmọdé. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi han màmá yín."

Màmá mi ti ń ríran dáadáa báyìí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ríran, irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gba ọdún méjì mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ kí n sì dákẹ́.

Kò sí awọ kankan tó hù. Ohun tó ń di funfun nínú kátárátì kò sí lójú òde rárá. Lẹ́ǹsì ni, ohun tó mọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú ojú. Ẹ̀yìn ọmọlójú, ìyẹn ihò dúdú tó wà láàárín ojú, ló wà, nínú àpò tirẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lórí, fífẹ̀ rẹ̀ lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 9 sí 10 lọ. Bó bá ṣókùnkùn, ìyẹn ni pé kò mọ́ gaara mọ́, a máa ń rí funfun rẹ̀ láti ìta nítorí pé inú ihò yẹn là ń wò, bí ẹni tó dúró síta tó ń wo aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn fèrèsé. Ta ló ń fọ dígí fèrèsé kí aṣọ inú yàrá lè mọ́?

Ohun tó ń hù sójú wà lóòótọ́. Ẹran kan wà tó máa ń rá láti igun ojú wá sórí ẹyinjú, àpá ọgbẹ́ náà sì lè sọ iwájú ojú di funfun. Àwọn yẹn kì í ṣe kátárátì. Àwọn tó ń ta oògùn ló ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí orúkọ kan.

Àṣìṣe náà ti pẹ́, mi ò ní purọ́. Orúkọ yẹn gan-an wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí omi tó ń já wálẹ̀ láti òkè, nítorí àwọn oníṣègùn àtijọ́ gbà pé omi kan ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá dì síwájú lẹ́ǹsì. Ní 1705, dókítà ará Faransé kan, Pierre Brisseau, la ojú ọmọ ogun kan tó ti kú, tí kátárátì ti wà lójú rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Kò bá awọ kankan níbẹ̀. Lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ló bá tó ti ṣókùnkùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 1747, Jacques Daviel, ará Faransé bíi tirẹ̀, ti ń yọ lẹ́ǹsì tó ṣókùnkùn kúrò lójú alààyè. Ọ̀rọ̀ awọ ti parí láti ọdún 300 sẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ìtàn àtijọ́ lásán nìyẹn, ohun tí mo fojú ara mi rí nìyí. Nígbà tí mo ń kọ́ nípa bayokẹ́místírì, ìyẹn ìmọ̀ nípa kẹ́míkà inú ara ohun alààyè, olùkọ́ wa gbé ojú ọmọ màlúù wá sí yàrá àyẹ̀wò, ó ní kí á fi abẹ yọ lẹ́ǹsì rẹ̀. Ó jáde bí omi tó dì, ó mọ́ gaara. Mo gbé e lé orí ìwé, mo sì ń ka lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí á gbé e sórí yìnyín. Kò pẹ́ rárá tí àárín rẹ̀ di funfun báláú: kátárátì, níṣojú wa, kò sí awọ, kò sí ohun tó hù, a ò fi ohunkóhun bò ó. Mo wá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ooru ọwọ́ mi wọ̀ ọ́, funfun náà ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mọ́ gaara padà. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ awọ mọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lẹ́ǹsì jẹ́ omi, èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì purotéènì, èyí tó pọ̀ jù nínú purotéènì náà ni wọ́n ń pè ní crystallin. Wọ́n fún mọ́ra gan-an nínú omi yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n tò káàkiri lọ́gbọọgba, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gbà á kọjá láìfọ́nká. Bí òtútù bá mú un, oríṣi crystallin kan á kó ara wọn jọ sí ibì kan, wọ́n á fi ibòmíràn sílẹ̀ fún omi. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan irú àgbájọ bẹ́ẹ̀ á fọ́nká. Bí kùrukùru ṣe ń ṣe nìyẹn. Afẹ́fẹ́ mọ́, omi náà mọ́, ṣùgbọ́n bí omi bá kóra jọ ní kéékèèké sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó wà níwájú ẹni kò ní hàn mọ́.

Òtútù kàn sún wọn jọ ni, ooru sì tú wọn ká. Ti ọjọ́ orí kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú lẹ́ǹsì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí wọ́n lè mọ́ gaara, máa ń da kókó inú wọn nù bí wọ́n bá ti dàgbà, láìsí kókó yẹn sì rèé, wọn ò lè ṣe purotéènì tuntun. Purotéènì tó wà láàárín gbùngbùn lẹ́ǹsì wa ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa, òun náà là ó lò títí a ó fi kú. Ní àwọn ọdún 1950 títí di 1963, bọ́ǹbù átọ́míìkì tí àwọn orílẹ̀-èdè ń dán wò sọ kábọ́ọ̀nù-14 (oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tó ń tú ìtànṣán díẹ̀díẹ̀) inú afẹ́fẹ́ di púpọ̀, ó gba inú oúnjẹ wọ ara gbogbo èèyàn, bó sì ṣe ń yàtọ̀ lọ́dọọdún sọ ọ́ di òǹtẹ̀ ọjọ́. Àwọn onímọ̀ ní Dẹ́nmáàkì wọn ọ́n nínú crystallin ojú àwọn tó ti kú, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008: òǹtẹ̀ náà tọ́ka sí ìgbà tí wọ́n bí olúkúlùkù.

Ẹ wá ro purotéènì tó ti lo ọdún 70 láìsí àrọ́pò. Ìtànṣán oòrùn ń bà á, ọ́síjìn ń jẹ ẹ́, ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ọ̀kan nínú àwọn crystallin yìí, tí wọ́n ń pè ní alpha, ni ẹ̀ṣọ́ wọn. Onímọ̀ kan, Joseph Horwitz, ló fi hàn ní 1992 pé ó máa ń di àwọn tó bá fẹ́ bàjẹ́ mú kí wọ́n má baà dì papọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ náà kì í ní àrọ́pò láàárín lẹ́ǹsì, ó sì máa ń tán. Bó bá ti tán, àwọn yòókù á so kọ́ra, àwọ̀ wọn á pọ́n, wọ́n á le. A kúkú ń pè é ní ẹyin ojú. Bí a bá se ẹyin, omi inú rẹ̀ tó mọ́ tẹ́lẹ̀ á di funfun, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló yí padà. Kí ni èèyàn fẹ́ kán sórí ẹyin sísè tí yóò fi padà di tútù?

Wọ́n á ní lágbájá lò ó, ó sì ríran. Ojú tó gbẹ máa ń ríran sí i díẹ̀ bí omi èyíkéyìí bá kán sí i. Wọ́n á ní ó máa ń hù padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kò hù padà. Lẹ́ǹsì ti lọ, àpò rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù máa ń tàn bò, iná lésà sì ń ṣí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Mo gbà pé àwọn onímọ̀ ń wá oògùn. Ní 2015, àwọn kan sọ pé lanosterol, èròjà ọlọ́ràá kan, mú kí lẹ́ǹsì ajá mọ́ sí i, àmọ́ nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò lórí lẹ́ǹsì àgbàlagbà tí wọ́n yọ jáde, kò ṣiṣẹ́. Bóyá wọ́n á rí i lọ́jọ́ kan. Kò tíì sí nínú ìgò ẹnikẹ́ni lónìí.

Ọdún méjì ni màmá mi fi kán tiwọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí á lọ rí dókítà, wọ́n á ní awọ náà ti ń bó, àwọn ń rí i nínú ipin ojú àwọn. Ìgbà tí wọ́n kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni wọ́n tó gbà. Dókítà sọ fún wa pé lẹ́ǹsì tó bá pọ́n jù lè wú, kó ti omi inú ojú mọ́lé, ìfúnpá yẹn sì lè fọ́ ojú pátápátá, kí iṣẹ́ abẹ má lè ràn án mọ́. Ẹ̀rù bà mí tó fi jẹ́ pé n kò sùn lóru ọjọ́ náà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó fi ohun tó yọ hàn mí nínú abọ́ kékeré kan. Ó pẹlẹbẹ, àwọ̀ oyin dúdú, ó le bí èkùrọ́. Mo rántí èyí tí mo gbé lé orí ìwé lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́ǹsì oníke ló fi dípò rẹ̀, irú èyí tí dókítà ojú kan, Harold Ridley, kọ́kọ́ fi sójú èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí ojú náà, màmá mi wo aṣọ mi títí. "Àṣé aláró ni aṣọ yìí? Dúdú ni mo ń rí i láti ọjọ́ yìí." Wọ́n fọwọ́ bo ojú tuntun, wọ́n fi ti àtijọ́ wò ó. Wọ́n ṣí ìyẹn, wọ́n bo èkejì. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọn ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n pe dókítà padà wọlé, àwọn fẹ́ bi í pé ọjọ́ wo ló máa ṣe ti ojú kejì.