Ṣé Èmi Nìkan Ni Ò Ṣe Bándì Rí Nílé-Ifẹ̀ Ni?

Ó tún ti dé o. Níbi ìkómọ kan ní Parakin, bàbá alágbádá tó jókòó tì mí ò tíì jẹ ìrẹsì ẹ̀ dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀: "nígbà tí mo wà nínú bándì wa ní Damico." Mo rọra fi ṣíbí sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tó ń lọ.

Mo kan sáárá sí wọn, ká má purọ́. Ìlú wo ló tún kù tó jẹ́ pé gbogbo ọkùnrin tó ti ń na fóònù jìnnà sójú kó tó lè kà á ló ti ṣe orin experimental rí, ìyẹn orin tí wọ́n fi ń dán ohùn àràmàǹdà wò? Ifẹ̀ nìkan ni. Tí ẹ bá kó gbogbo àwọn tó ní àwọn lù nínú bándì kan ṣoṣo yẹn jọ, Oduduwa Hall ò lè gbà wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa tá a wá wòran lọ́jọ́ tí wọ́n ṣeré, kòròpé kan kó wa tán, àyè tún ṣẹ́kù fún ẹni tó ń gba owó ọkọ̀.

Bándì ọ̀hún ò pẹ́ tó fi tú. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń yangàn, wọ́n á ní ayé ò tíì ṣetán fún àwọn nígbà yẹn. Ayé wo? Lańlọ́ọ̀dù ni ò ṣetán.

Jẹnẹrétọ̀ yẹn ló ń dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn wọn. Kì í ṣe pé jẹnẹrétọ̀ ń fún gìtá níná o, òun gan-an ló ń kọrin. I-better-pass-my-neighbour kékeré, èyí tí wọ́n ń po ẹ́ńjìn óìlì mọ́ epo ẹ̀, wọ́n gbé e gun orí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé máìkì sí i lẹ́nu. Bàbá yìí ṣàlàyé fún mi, ìrẹsì mi ń tutù, pé ẹ́ńjìn ẹ̀ ń yí nígbà 3,000 ní mínítì kan, ìyẹn 50 ní sẹ́kọ́ńdì, àti pé téèyàn bá tẹ́tí dáadáa, kíì G, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ohùn orin òyìnbó, ni 50 yẹn fẹ́ẹ̀ jẹ́, torí náà kíì G ni gbogbo orin àwọn. Ìṣirò ẹ̀ tiẹ̀ tọ̀nà. Àmọ́ tí aládùúgbò tó ń pín iná lọ́dọ̀ wọn bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ sókẹ́ẹ̀tì, jẹnẹrétọ̀ á kérora, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀, onígìtá á wá máa yí okùn gìtá sápá sósì bí ẹni ń lé ewúrẹ́ tó já, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní improvisation, orin àtinúdá ojú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ ni bandleader. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ṣóòkù nìkan ló ń tì lọ tì bọ̀, ó ní solo lòun ń gbá. Tí pọ́lọ́ọ̀gì bá dọ̀tí, kò sí eré lọ́jọ́ náà. Tí epo bá tán, orin parí nìyẹn, wọ́n á tẹríba, a ó pàtẹ́wọ́. Títí dòní, lítà ni wọ́n fi ń dárúkọ orin: "ṣé ẹ rántí èyí tó jẹ lítà méjì yẹn?" Èéfín tó ń gba ojú wa ńkọ́? Bàbá ní èéfín náà wà lára eré.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló jẹ́ tuntun nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ ní Nàìjíríà? Ìyá mi ń gbọ́ experimental yín lóròòru láti ojú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé, kò sì sẹ́ni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀.

I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, mú accordion wọ inú jùjú, nǹkan tuntun nìyẹn, ayaba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE lọ́dún 1963, bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá mi ò nílò àlàyé kankan kó tó dìde jó sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akin Euba wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ yìí kan náà, ó ń kọ orin tó ń mú dùùrù òyìnbó fọhùn bí ìlù. Ìlù Ọ̀sírìgì ń dún láàfin Ọọ̀ni kí wáyà tó wọ̀lú. Ẹ̀yin fa okùn lásán, ẹ fẹ́ ká kọ́ ère yín sí Lágere!

Àfi bí mo ṣe délé tí mo rí i lórí Facebook bàbá alágbádá yẹn, tó kọ ọ́ gàdàgbà pé ohùn tó ń ya gbàràgbàrà yẹn ni àmì ìdánimọ̀ bándì àwọn, pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ wá a ni. Irọ́! Spíkà mi ló ya! Èmi ni mò ń yá àwọn èèyàn ní spíkà àti anfílífáyà nígbà yẹn, odidi ni mo gbé e fún wọn, ó padà wálé pẹ̀lú ihò tí ọwọ́ mi gbà, wọ́n ní àwọn á rí mi tí owó bá wọlé. Ẹni igba ó lé ló ti ń "like" ihò spíkà mi.

Wọ́n ní reunion ń bọ̀ ní December. Ìṣòro wọn ni pé sólà ni gbogbo wọn ń lò nílé báyìí, sólà ò sì lóhùn, wọ́n ń wá jẹnẹrétọ̀ kékeré kiri Sábó, epo tí lítà ẹ̀ ò tó 200 náírà ní ilé epo kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ẹ lọ wo iye tó jẹ́ báyìí kẹ́ ẹ wá ṣírò orin onílítà méjì. Bàbá alágbádá pè mí lánàá, ohùn ẹ̀ rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Spíkà yín yẹn, ṣé ó ṣì wà?" Mo ní ó wà. Mo ní kó kọ́kọ́ mú owó ti ìjọsí wá.