Ẹ má ṣe méfò ọjọ́ ìrìn-àjò yín

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ènìyàn bá fẹ́ di ọmọ onílùú níbí, fọ́ọ̀mù yóò ní kó kọ gbogbo ìgbà tó jáde nílùú láàárín ọdún 5: ọjọ́ tó lọ, ọjọ́ tó dé, ibi tó lọ àti ohun tó bá lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń há sí. Ibẹ̀ náà ni àwọn kan tó ń bá wa kún fọ́ọ̀mù ti máa ń sọ pé, “Ẹ ṣáà kọ nǹkan kan síbẹ̀, wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò.” Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé bí ìrìn-àjò bá pọ̀ jù, kí wọ́n yọ méjì mẹ́ta kúrò. Mo lòdì sí i pátápátá.

Irọ́ ni pé wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra, ilé iṣẹ́ tó ni ín ti fi orúkọ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù èrò inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2015 sì ni wọ́n ti ń kó àkọsílẹ̀ àwọn tó ń jáde jọ pẹ̀lú. Ìrìn-àjò tí ẹ yọ kúrò lójú fọ́ọ̀mù lè wà lórí kọ̀ǹpútà níwájú òṣìṣẹ́ tó ń ka ìwé yín. Bí wọ́n bá kà á sí ẹ̀tàn, ó ti di ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ onílùú nìyẹn, ó sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn fún ọdún 10. Ẹni tó ṣèèṣì fi ọjọ́ kan ṣì í kọ àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìrìn-àjò pamọ́, ọ̀ràn wọn kò dọ́gba rárá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rù tí kò nídìí ló ń sún ọ̀pọ̀ ṣe é. Ọjọ́ 450 ni òfin gbà kí ènìyàn fi wà lẹ́yìn odi láàárín ọdún 5, kó má sì ju 90 lọ nínú oṣù 12 tó kẹ́yìn. Ti ẹni tó fi ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọkọ tàbí aya jẹ́ 270 láàárín ọdún 3. Ọjọ́ tí ẹ gbéra àti ọjọ́ tí ẹ padà dé kò sí nínú ìkà náà. Ẹni tó kúrò ní London ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, tó sì padà ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, ọjọ́ 25 ni wọn yóò kà sí i lọ́rùn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún 5, 125 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo bí èyí ṣe jìnnà sí 450! Ẹni tó ń sáré lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá kò ní ohun kankan láti fi pamọ́. Kódà bí iye náà bá fi díẹ̀ kọjá 450, òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti gbójú fò ó.

Ibi tó yẹ kí á ti ṣọ́ra gan-an kò sí lára iye ọjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé yín wọlé, ẹ ka ọdún 5 sẹ́yìn láti ibẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé inú ìlú Gẹ̀ẹ́sì lẹ wà lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà lọ́jọ́ yẹn, ìwé yín lè forí ṣánpọ́n, owó ìforúkọsílẹ̀ kì í sì í padà. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ dájú lè sún ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹni tó ń méfò kò lè mọ̀.

Báwo la ṣe máa wá a rí? Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, tuntun àti èyí tí wọ́n ti fagi lé. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kì í lu òǹtẹ̀ fún ẹni tó ń jáde, ṣùgbọ́n ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà wọ́n sábà máa ń lù ú nígbà tí a bá wọlé àti nígbà tí a bá ń jáde. Ẹ fi sọ́kàn pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ láti Èkó ń gbéra lóru, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló ń mọ́ bá wa ní London. Nítorí náà, òǹtẹ̀ ìjáde Èkó lè fi ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí ẹ dé.

Bí òǹtẹ̀ bá ti pa rẹ́, ìnáwó ló kù, nítorí ìnáwó ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa lọ sílé. Ìwé ètò ìsìnkú ní ọjọ́ àìsùn àti ọjọ́ ìsìnkú nínú. Fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò wà lórí fóònù pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, ẹni tó gba owó aṣọ ẹbí kì í gbàgbé. Ọjọ́ ìnáwó kì í ṣe ọjọ́ ìrìn-àjò o, ṣùgbọ́n ó ti fi oṣù hàn yín. Ẹ wá íméèlì tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù náà. Ẹ gba àkọsílẹ̀ báǹkì yín, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí káàdì dẹ́kun sísan owó bọ́ọ̀sì ní London àti ọjọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ibi iṣẹ́ yín náà ní àkọsílẹ̀ ìsinmi. Ní ti ẹni tó ń wo ọdún 2020, Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ pa mọ́ ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀ láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Bí ọkàn yín bá ń sọ fún yín pé oṣù Keje ọdún yẹn lẹ wọ bàálù lọ sílé bí ìṣe yín, ẹ tún un rò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ̀wé sí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, pé kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò yín tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan sì ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, nítorí nǹkan lè sọnù nínú tiwọn náà. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ẹ kọ èyí tó súnmọ́ ọn jù, kẹ́ ẹ sì sọ gbangba lórí fọ́ọ̀mù pé ìfojúdá ni, àti ìdí rẹ̀. Ẹ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa láti gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ní in pàápàá, kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀, ẹ béèrè páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ ná. Ẹni tó bá ní “ẹ ṣáà kọ nǹkan kan,” orúkọ tiwa ló ń gbé sínú ewu. Àwa la máa buwọ́ lùwé náà, kì í ṣe òun.